Orí Kẹfà: Ta Ló Bí Scipio Vaughan?

Ní GRA ìlú Enugu, lójú ọ̀nà Colliery Avenue, ni ìjọba àpapọ̀ kó ìwé àtijọ́ ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà pamọ́ sí. Orúkọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ń sọ ohun tó bí ìlú: èédú ni. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú lábẹ́ òkè ibẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1915. GRA ni àwọn òyìnbó ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ara wọn láti máa gbé, kí ó jìnnà sí àdúgbò àwọn awakùsà. Ilé ìpamọ́ ìwé yìí ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn, èkejì rẹ̀ sì wà ní Kàdúná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka, ló jà fún un kí ó tó wà. Láti 1951 ló ti ń ti ọ́fíìsì ìjọba kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wo ohun tí ikán ti jẹ àti ohun tí òjò ti pa. Ní 1954 wọ́n dá ọ́fíìsì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òfin ọdún 1957 ló wá fẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀.

Ká ní àlejò kan ti Amẹ́ríkà dé sí ilé yẹn lónìí. Ó ní wọ́n kó bàbá-ńlá òun lẹ́rú ní nǹkan bí 1760, ó sì fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ kò ní fáìlì kankan tí yóò gbé fún un. Àwọn ìwé tó dàgbà jù níbẹ̀, bí ìwé àwọn kọ́ńsù òyìnbó tó ń rí sí etíkun Calabar, kò kọjá àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún sẹ́yìn. Òfin Amẹ́ríkà sì ti ká kíkó ẹrú wọ̀lú láti ilẹ̀ òkèèrè kúrò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808. Nígbà tí òyìnbó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn níbí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n kó lọ ti kú sí òkè òkun.

Ibi tí àlejò wa ti ṣì ẹsẹ̀ gbé ni pé ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ alààyè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a ó máa lọ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọmọ dé ìyá, láti ìyá dé ìyá-ńlá, títí ìwé yóò fi já. Ibi tí ìwé bá ti já ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ohun tí ẹnu sọ. Kí ó má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ àfẹnusọ lásán, a ó fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ara àwọn àkọ́kọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Yorùbá ni baba ìdílé náà. James Churchwill Vaughan ni orúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé

Àwọn Vaughan ti Èkó ní ìtàn kan tí wọ́n ń sọ fún ọmọ. Wọ́n ní ọmọ ọba Òwu, ní Abẹ́òkúta, ni Scipio, baba Churchwill. Wọ́n jí i gbé ní nǹkan bí 1805, nígbà tó ti di géńdé, wọ́n sì tà á sí Camden, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ni. Ó fẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Conway, ẹni òmìnira, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ikú kan ilẹ̀kùn ní 1840, Scipio pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n padà sí ilẹ̀ baba òun.

Churchwill, tí wọ́n bí ní 1828, gbọ́ràn. Ó dé Liberia ní 1853. Ní 1855 ó bá àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi wá sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bíi káfíńtà. Ìtàn náà ní ibẹ̀ ló ti rí àwọn ènìyàn tí ilà ojú wọn bá ti baba rẹ̀ mu, tó sì mọ̀ pé òun ti délé.

Ní oṣù kejì ọdún 1975, Era Bell Thompson kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìròyìn Ebony, tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń kà káàkiri. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé Roots tí Alex Haley kọ jáde, tí gbogbo ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí wá orírun. Àwọn Vaughan ti Èkó àti àwọn ìbátan wọn ní Amẹ́ríkà kò dúró de ìgbà náà rárá. Lẹ́tà ti ń lọ láàárín wọn tipẹ́, àwọn kan sì ti wọ ọkọ̀ lọ kí ara wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ bi àrọ́bá léèrè: ìgbà wo ni wọ́n bí ọ, ta sì ni ìyá rẹ?

Fífi ọdún wọn ìtàn

Ẹ gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ wò: ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n jí gbé ní 1805. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Òkè Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká. Òwu tí a mọ̀ ní 1805 wà lápá ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, ìlú olódi ńlá ni, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn mìíràn kò sì rí i fọ́ títí di nǹkan bí 1821. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn Òwu rìn kiri kí wọ́n tó lọ bá Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè ti Abẹ́òkúta kúrò ní 1805.

Ṣé irọ́ ni wọ́n pa nìyẹn? Rárá. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn máa ń fi orúkọ tí olùgbọ́ mọ̀ pe ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1900 mọ Òwu ti Abẹ́òkúta. Òwu ti àtijọ́ ti di igbó kí wọ́n tó bí i. Nítorí náà, ọdún àti ìlú tó takora nínú ìtàn ẹnu kò tó láti jù ú nù. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni ìgbà tí wọ́n tún ìtàn náà sọ gbẹ̀yìn.

Ìdánwò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. South Carolina ṣí èbúté rẹ̀ fún òwò ẹrú láti òkèèrè ní ìparí 1803, ó sì wà ní ṣíṣí títí dé ìparí 1807. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, bí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ni wọ́n kó wọ Charleston. Ọdún 1805 tí ìdílé Vaughan dárúkọ bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀, èyí sì wúni lórí. Àmọ́ níbo ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti ń kó ènìyàn? Ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, pẹ̀lú etíkun Sierra Leone, Senegambia àti Gold Coast. Yorùbá kò pọ̀ nínú wọn. Ogun Òwu àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, ló tú Yorùbá jáde sí etíkun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nígbà yẹn òfin sì ti ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà. Brazil àti Cuba ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà lójú agbami ni wọ́n ń sọ̀ sí Freetown. Ìdí nìyí tí a fi ń rí Aguda, àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà, ní Campos ní Èkó, àti Saro, àwọn tó ti Freetown wá, ní Olowogbowo, tí àwọn tó ti Amẹ́ríkà padà wá sí Èkó sì fi kéré níye.

Ohun tí ẹni tó ń tọ ìdílé máa kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò méjèèjì ni pé ìtàn Scipio lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n ni.

Láti Èkó padà sí Camden

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sẹ́yìn bó ṣe yẹ, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ojú mọ̀. Lady Kofoworola Ademola, obìnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ní Oxford, ní 1935, ìdílé Vaughan ni ìyá rẹ̀ ti wá. Dókítà J. C. Vaughan, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934, tí wọ́n wá ń pè ní Nigerian Youth Movement, ọmọ-ọmọ Churchwill ni. Orúkọ Dókítà yìí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni James Churchill. Ti bàbá-ńlá rẹ̀ ni Churchwill. Lẹ́tà kan péré ló yí padà, ẹni tó bá sì ń wá "Churchill" nìkan nínú àpótí ìwé South Carolina yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ kan sílẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé ìpamọ́ ìwé.

Lẹ́yìn ọmọ-ọmọ, a kan Churchwill fúnra rẹ̀ ní Èkó, níbi tó kú sí ní 1893. Ó ń ta irin, ìṣó àti ohun èlò ìkọ́lé, ó sì lówó. Ní 1888, nígbà tí ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ajíhìnrere òyìnbó kò wọ̀ mọ́, ó wà lára àwọn tó ṣáájú ìyapa tó bí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ìbílẹ̀, pẹ̀lú Moses Ladejo Stone àti David Vincent tó wá di Mojola Agbebi. Ìwé ìjọ àti ìwé ìròyìn Èkó gbé orúkọ rẹ̀ dáadáa. Kí ó tó dé Èkó, Abẹ́òkúta ló wà. Ìjà tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, ní 1867, ló lé òun àti àwọn onígbàgbọ́ mìíràn jáde níbẹ̀. Kí ó tó dé Abẹ́òkúta, Ìjàyè ni, ìlú Kúrunmí, tí Ìbàdàn pa run ní 1862. Ogun mú un rí, ó sì di ayìnbọn. Sarah Omotayo ni ó fi ṣaya.

Lẹ́yìn Ìjàyè, Liberia. Ẹgbẹ́ tó ń kó aláwọ̀ dúdú lọ síbẹ̀, American Colonization Society, máa ń tẹ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ibi tí kálukú ti wá. Ohun tí irú ìwé èrò bẹ́ẹ̀ máa ń fún ni ni orúkọ ìlú tí a ó lọ: nínú ọ̀ràn ti wa, Camden.

Ní Camden ni ilẹ̀ ti le. Láti 1850 ni ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ń kọ orúkọ olúkúlùkù ẹni òmìnira. Ti ẹrú kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara, ó tán, orúkọ olówó wọn ló wà lókè. Ó di 1870, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú tó wọ ìwé. Ògiri ni ọdún yẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹni tó bá fẹ́ fò ó gbọ́dọ̀ lọ ka ìwé olówó ẹrú: ìwé ìhágún, ìwé gbèsè, ìwé tí wọ́n fi pín ẹrú pẹ̀lú ẹṣin àti àga láàárín àwọn ọmọ olóògbé. Ibẹ̀ ni Scipio wà. Olówó rẹ̀ ń jẹ́ Wylie Vaughan, òun ló sì kọ ọ́ sínú ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n tú Scipio sílẹ̀. Orúkọ Vaughan tí ọmọ Èkó ń jẹ́ lónìí, orúkọ ọkùnrin yẹn ni. Scipio gan-an, orúkọ ọ̀gágun Róòmù ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn olówó fẹ́ràn láti máa sọ ẹrú wọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ Scipio.

Ọ̀mọ̀wé Lisa Lindsay, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, tọ gbogbo ọ̀nà yìí ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìwé rẹ̀ Atlantic Bonds tó jáde ní 2017. Kò rí ìwé kan tó fi Scipio sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí ìwé sọ fún un pọ̀ ṣá, ìwé òfin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1820 South Carolina ṣe òfin pé kò sí olówó tó lè tú ẹrú sílẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ ilé aṣòfin. Ní 1822 wọ́n ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú òmìnira tó bá ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò dúró fún un bí alágbàtọ́. Òfin mìíràn sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jẹ. Nítorí pé Maria Conway kì í ṣe ẹrú ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi bọ́. Ẹ fojú inú wo Churchwill ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún: ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó ti dàgbà tó ọkọ ìyàwó, kò sì lè dá dúró níwájú òfin láìsí òyìnbó kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò dìgbà tí baba sọ gbólóhùn kan lórí ibùsùn ikú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wá ọkọ̀ wọ̀. Mo gbà pé Scipio lè sọ gbólóhùn náà. Mo tún gbà pé òfin 1822 ń sọ ọ́ sí Churchwill létí lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ilà ńkọ́? Ilà ojú Yorùbá ń sọ ìlú, nígbà mìíràn ó ń sọ agboolé pàápàá. Bí Scipio bá kọlà, ẹ̀rí tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni Churchwill nígbà tí baba rẹ̀ kú, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì kọjá kí ó tó fojú kan Yorùbá nílé wọn. Ohun tó wà lójú baba fún ọmọdé yẹn, àti ohun tí àgbà náà rí lójú àwọn ará Ìjàyè, ó lè jẹ́ ìfẹ́ ló so méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ tó bí níbí kò nílò ilà Scipio kí wọ́n tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Èkó ni wọ́n bí wọn sí, èdè rẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwé àti ẹnu bá ja

A padà sí Enugu, ní ilẹ̀ Igbo. Olaudah Equiano, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní London ní 1789, ó ní ibì kan tí ń jẹ́ Essaka ni wọ́n ti bí òun, láàárín àwọn Igbo, wọ́n sì jí òun gbé ní kékeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vincent Carretta wá rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ti oṣù kejì 1759 ní ìjọ St Margaret's, Westminster: ibẹ̀ kọ ọ́ pé Carolina ni wọ́n bí i sí. Ìwé atukọ̀ ojú omi ọdún 1773 tún kọ South Carolina. Ìwé méjì tako ẹnu kan.

Catherine Acholonu gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ó lọ bá àwọn àgbà Isseke, nítòsí Ihiala, ó sì gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1989 pé ibẹ̀ ni Essaka. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé ibẹ̀ lórí. Èmi, ohun tó ń fà mí mọ́ra jù ni ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Equiano fúnra rẹ̀. Ó ní "Embrenché" ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn ńlá ìlú baba òun, àwọn tí wọ́n kọlà sí iwájú orí. Ẹni tó bá gbọ́ Igbo yóò gbọ́ mgburichi níbẹ̀, ẹni tó kọ ilà ichi. Akọ̀wé ìjọ ní Westminster béèrè ìbéèrè kan, ó kọ ìdáhùn kan, ó pa ìwé dé, ó tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu Equiano ti gbé ohun kan tí akọ̀wé yẹn kò lè gbọ́. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Igbo mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ náà kò fi tíì parí.

Kí ni ilé ìpamọ́ ìwé ní GRA lè fi kún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ogun àwọn obìnrin ní 1929, ìjọba amúnisìn rí i pé àwọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàkóso. Wọ́n rán àwọn ọ́fíísà sí abúlé lẹ́yìn abúlé ní àwọn ọdún 1930 láti lọ bi àgbà: ta ló tẹ ibí dó, ọmọ mélòó ló bí, ta ni àgbà nínú wọn? Intelligence Report ni wọ́n ń pè é. Àwọn fáìlì wọ̀nyí wà ní Enugu lábẹ́ àkọlé bí ONPROF fún Onitsha àti CALPROF fún Calabar. Ẹ ó kọ nọ́ńbà fáìlì sórí fọ́ọ̀mù, ẹ ó jókòó dè é, pẹ́ńsù ni ẹ ó sì fi kọ ohun tí ẹ bá rí, nítorí ìwé tó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún kò gba yíǹkì dídà. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí igi ìdílé tí ọ́fíísà fi rúlà fà: baba kan lókè, ọmọ mẹ́rin nísàlẹ̀, orúkọ abúlé mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún igi náà. Àwọn àgbà tí wọ́n bi mọ̀ pé ìjọba fẹ́ fi ìdáhùn wọn pín kóòtù àti oyè. Abúlé tó bá pera rẹ̀ ní àkọ́bí ti ń béèrè ìjókòó níwájú. Ìtàn ẹnu ni ìwé ìjọba yìí, wọ́n kàn fi táípì tẹ̀ ẹ́.

Ní ti DNA tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló gbà. Àyẹ̀wò tó ń tọ ìyá dé ìyá ń tẹ̀ lé okùn kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹni 1,024 ló dúró lórí ìpele yẹn fún olúkúlùkù wa. Okùn yẹn gbé ẹnì kan jáde nínú wọn. Ó lè tọ́ka sí ẹ̀yà. Kò lè pe orúkọ.

Ìdánrawò

1. Béèrè orúkọ ìyá ìyá ìyá rẹ lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó dá. Lẹ́yìn náà, wá ọdún tí wọ́n tẹ ìlú náà dó.

2. Ìdílé kan sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kó bàbá-ńlá wọn lọ sí Virginia ní 1790. Ìbàdàn tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829. Kọ lẹ́tà sí ìdílé náà, kí o sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ohun tí o rí àti ohun tí wọ́n ṣì lè wá.

3. Dárúkọ ìwé mẹ́ta tí orúkọ ẹrú lè wà nínú rẹ̀ ní South Carolina kí ó tó di 1850, kí o sọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi kọ ọ́.

4. Ká ní ìwọ ni akọ̀wé ìjọ tó ń kọ ìrìbọmi Equiano ní 1759. Ìbéèrè wo ni ìwọ ìbá bi í?